Kí ni ẹ ń fẹ́ lára ẹ̀rọ ìgbọ́rin alágbèéká tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú?

Olùfẹ́-Orin:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ ìgbọ́rin alágbèéká pátápátá. Lóòótọ́, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni Apple kéde pé àwọn kò ní ṣe iPod, ẹ̀rọ ìgbọ́rin wọn, mọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 2001. Síbẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ṣì ń ṣe ẹ̀rọ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju orin lọ, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sì ń rà á. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ẹni tó bá ń fi fóònù gbọ́ orin, ìpè yóò já orin gbà mọ́ ọn lẹ́nu, àtẹ̀jíṣẹ́ yóò máa dún lé e lórí, bátìrì tó yẹ kó fi bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ni yóò sì fi gbọ́ orin tán.

Mo fẹ́ kí a jọ kó ìmọ̀ràn pọ̀ sí ojú kan. Bí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ bá jókòó láti ya àwòrán èyí tó kàn, kí ni a ó ní kí wọ́n fi sí i, kí sì ni a ó ní kí wọ́n yọ kúrò? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́ lásán. Ẹ sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì sọ bó ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́.

Tèmi ni pé mo fẹ́ bọ́tìnì tí ọwọ́ lè mọ̀ láì jẹ́ pé ojú rí i. Nígbà tí Sony gbé Walkman, ẹ̀rọ ìgbọ́rin tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì, jáde ní oṣù Keje ọdún 1979, ẹni tó bá ti lò ó díẹ̀ lè ki ọwọ́ bọ àpò kó sì dá orin dúró láì wo ohunkóhun, nítorí pé bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀. Gíláàsì tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò fún ìka ní àmì kankan, bí omi bá sì kán sí i, ó lè ṣe bí ẹni pé a tẹ ohun tí a kò tẹ̀. Bọ́tìnì márùn-ún tó: ọ̀kan láti bẹ̀rẹ̀ orin àti láti dá a dúró, méjì fún orin tó kọjá àti èyí tó kàn, méjì láti gbé ohùn sókè àti láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kí wọ́n fi kókó kékeré kan sórí ti àárín kí àtàǹpàkò lè mọ ibi tó wà, kí ti ohùn sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, kó jìnnà sí àwọn yòókù tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó fẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀ kò fi ní ṣèèṣì fo orin. Kí ohun kan tí a lè tì sí ẹ̀gbẹ́ tún wà, tí yóò ti gbogbo bọ́tìnì pa nígbà tí ẹ̀rọ bá wà nínú báàgì. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ní irú rẹ̀, n kò sì rí ìdí kankan tó fi yẹ kó parẹ́.

Atẹ́rọṣe:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ni mo ń ṣe, nítorí náà bátìrì ni n ó sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí òun ló ń sọ ẹ̀rọ tó ṣì dára di àpatì. Bátìrì lithium máa ń gbó bí a ṣe ń lò ó tán tí a sì ń fi iná kún un. Lẹ́yìn nǹkan bí ìgbà 300 sí 500 tí ó bá ti kún láti òfo, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í lè gbà ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iná tí wọ́n ń gbà nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ tuntun. Bí kẹ́míkà inú rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, a kò lè bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Ohun tí mo ń bínú sí ni gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń rí. N ó kọ́kọ́ fi afẹ́fẹ́ gbígbóná rọ gọ́ọ̀mù tó wà lábẹ́ gíláàsì, n ó wá fi ike pẹlẹbẹ yọ́ gbé gíláàsì náà láti igun kan, díẹ̀díẹ̀, nítorí pé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó so ojú ẹ̀rọ mọ́ pátákó inú, bó bá sì já, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ bátìrì, tí gọ́ọ̀mù tún dì mú. Bó bá ti wú, a kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́, a kò gbọ́dọ̀ fi irin kàn án, nítorí ó lè gbiná. Gbogbo wàhálà yìí, síkúrù mẹ́rin ní ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìbá ti gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀.

Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ṣe òfin kan ní ọdún 2023 tó sọ pé láti ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2027, bátìrì inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ alágbèéká gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹni tó ni ẹ̀rọ lè yọ kó sì pààrọ̀ fúnra rẹ̀. Òfin náà ní àwọn àyọsílẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìgbọ́rin kò yẹ kó wá ibi tí yóò sá pamọ́ sí nínú wọn. Kí wọ́n tún jẹ́ kí a lè pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kó má ṣe gba iná kọjá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí pé bátìrì tí kì í kún dẹ́nu nígbà gbogbo máa ń pẹ́ ju èyí tó ń kún lójoojúmọ́ lọ.

Ohun kan péré ló kù. Ihò tí a ń ki okùn iná bọ̀ àti ihò íápíìsì ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí àwọn ni a ń fà tí a ń tì lójoojúmọ́. Kí wọ́n to ihò méjèèjì sórí pátákó kékeré tó dá dúró, kí a lè pààrọ̀ ìyẹn nìkan láì fọwọ́ kan pátákó ńlá.

Akórinjọ:

Mo fara mọ́ ohun tí ọ̀gá Atẹ́rọṣe sọ, ní pàtàkì ti gọ́ọ̀mù. Tèmi dá lórí fáìlì orin àti àyè tí a ń kó o sí.

Rio PMP300, ẹ̀rọ ìgbọ́rin MP3 tó jáde ní ọdún 1998, ní àyè 32 MB, èyí tí kò gbà ju orin bí ìdajì wákàtí lọ bí a bá fún un pọ̀ dé 128 kbps (kbps ni iye dátà orin ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ní ọdún 2001, iPod àkọ́kọ́ dé pẹ̀lú 5 GB, wọ́n sì fi ẹgbẹ̀rún orin polówó rẹ̀. Lónìí, káàdì microSD kan tí kò tó èékánná àtàǹpàkò lè gba 1 TB (nǹkan bí 1,000 GB). Nítorí náà àyè kì í ṣe ìṣòro mọ́, bí wọ́n bá ti lè fi ihò káàdì sí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí kò ní ihò káàdì, tí a ní láti san owó gọbọi kí àyè inú rẹ̀ tó pọ̀ sí i nígbà tí a ń rà á, n kò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó rà á.

Ní ti irú fáìlì, orin ìṣẹ́jú márùn-ún láti orí CD tí a kò fún pọ̀ rárá yóò gba nǹkan bí 53 MB, MP3 tó ga jù ní 320 kbps yóò sì gba 12 MB. FLAC, irú fáìlì mìíràn, bọ́ sí àárín wọn: ó ń dín fáìlì kù sí nǹkan bí ìdajì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ láì sọ ohunkóhun nù nínú ohùn. FLAC àti Opus (irú fáìlì mìíràn tó ń fún orin pọ̀) jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹnikẹ́ni láti lò, àwọn tó sì ń gba owó lórí ẹ̀tọ́ MP3 ti dáwọ́ rẹ̀ dúró láti ọdún 2017, nítorí náà kò sí àwáwí fún ẹ̀rọ tó bá kọ̀ láti ka gbogbo wọn.

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ àwo orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Àwọn àwo kan wà tí orin kan ń ṣàn wọ inú èkejì láì dákẹ́. Bí a bá sọ wọ́n di MP3, ètò tó ń fún wọn pọ̀ máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ ṣínńṣín kún ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin fáìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ tí kò bá sì gbọ́n yóò kọ ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ̀lú orin. Ìlù tó yẹ kó bá a lọ yóò já lójijì, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí pé èyí ṣì ń ṣẹlẹ̀, nítorí pé LAME, ọ̀kan lára àwọn ètò tó ń sọ orin di MP3, máa ń kọ iye ìdákẹ́jẹ́ tó fi kún un sínú fáìlì fúnra rẹ̀. Kí ẹ̀rọ kà á, kó gé e kúrò, ó parí.

Ọ̀rọ̀ ìpele ohùn náà wà níbẹ̀. Orin àtijọ́ kan lè rọra dún, kí orin òde òní tó tẹ̀lé e sì bú jáde débi pé a ó sáré wá bọ́tìnì. ReplayGain, tí wọ́n ti dábàá láti ọdún 2001, ń wọn bí orin kọ̀ọ̀kan ṣe dún tó, ó ń kọ ọ́ sínú fáìlì, ẹ̀rọ yóò sì fi ṣe ohùn wọn dọ́gba. Kó ní ọ̀nà méjì: èyí tó ń ṣe orin kọ̀ọ̀kan dọ́gba nígbà tí a bá po orin pọ̀, àti èyí tó ń fi odidi àwo ṣe ìwọ̀n kan, kí orin tí akọrin fẹ́ kó rọra dún nínú àwo náà lè dún bó ṣe fẹ́.

Bí a bá so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, kó hàn gẹ́gẹ́ bíi fódà lásán, lórí kọ̀ǹpútà yòówù kó jẹ́. Kí a fà orin sínú rẹ̀, kí a yọ okùn, kí a máa lọ.

Sárésáré:

Tèmi kò gùn. Ẹni tó ń sáré kò nílò ojú ẹ̀rọ ńlá. Ó nílò ẹ̀rọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọ̀n rárá, tó ní àgékọ́ tó lágbára lẹ́yìn láti fi há a mọ́ aṣọ, tí òógùn kò lè wọ inú rẹ̀, tí okùn rẹ̀ kò sì ní máa dún gbàgàgbàgà nígbà tó bá ń gbá ara. Kí ilé-iṣẹ́ kọ ìpele ààbò omi rẹ̀ sára páálí ní kedere, nítorí pé ohun tó lè fara da òógùn àti ohun tó lè bọ́ sínú omi kì í ṣe ìkan náà.

Afetísọ̀rọ̀:

Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe gbogbo wa ló ń gbọ́ orin nìkan. Ìwàásù, ìtàn kíkà àti ẹ̀kọ́ èdè ni mo ń fi ẹ̀rọ tèmi gbọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ju wákàtí kan lọ. Mo fẹ́ kí ẹ̀rọ máa rántí ibi tí mo dé nínú fáìlì gígùn kọ̀ọ̀kan. Mo tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ náà pé kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń rántí ibi tí a dé nínú èyí tí a gbọ́ kẹ́yìn nìkan, bí a bá sì ti yà lọ gbọ́ orin kan péré, ibi tí a dé nínú ìtàn ti sọnù nìyẹn. Kó tún ní bọ́tìnì tó ń padà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, fún ìgbà tí ẹnìkan bá bá wa sọ̀rọ̀ tí gbólóhùn sì kọjá lọ. Kí a lè mú ọ̀rọ̀ yára tàbí kí a fà á díẹ̀ láì jẹ́ kí ohùn olùsọ̀rọ̀ di tín-ín-rín tàbí kó wúwo.

Kí ohun tó ń ti ẹ̀rọ pa lẹ́yìn àkókò tí a bá yàn fún un náà wà, fún àwa tí oorun ń gbé lọ lẹ́nu ìtàn. Kó máa rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó dákẹ́, nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ òjijì náà ń jí ènìyàn.

Ìka-Ń-Ríran:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. N kò ríran, ọ̀rọ̀ bọ́tìnì tí ẹ̀gbọ́n Olùfẹ́-Orin fi bẹ̀rẹ̀ sì wọ̀ mí lára gidigidi, ṣùgbọ́n bọ́tìnì nìkan kò tó. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo bá ń lọ láti orúkọ akọrin kan sí òmíràn, kó pe orúkọ náà sí mi létí. Nígbà tí bátìrì bá kù díẹ̀, kó sọ iye tó kù.

Kì í ṣe ohun àlá. Rockbox, ètò ọ̀fẹ́ tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2001 láti fi rọ́pò ètò tó bá ẹ̀rọ wá, ti ń sọ àwọn ohun inú rẹ̀ jáde fún àwọn aláìríran lórí onírúurú ẹ̀rọ àtijọ́. Ní ọdún 2009, iPod shuffle tí kò ní ojú rárá ń pe orúkọ orin àti ti akọrin. Ẹ̀rọ kékeré tó lè ṣe èyí nígbà náà fi hàn pé ẹ̀rọ òde òní kò ní ìdí láti ya odi.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe fi ìsọ̀rọ̀ náà pamọ́ sínú ibi ìṣètò tó jẹ́ pé ẹni tó ríran nìkan ló lè dé ibẹ̀. Kí a lè tẹ bọ́tìnì kan pẹ́ títí ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ jáde láti inú páálí, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀.

Àmì-Ohùn:

Mo fẹ́ fi kún ti orúkọ. Àwa tí èdè wa ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ mọ ìyà tí a ń jẹ: a ó kọ orúkọ orin dáadáa lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ yóò sì fi àpótí òfìfo rọ́pò ìdajì lẹ́tà. ID3 ni ibi tí a ń kọ orúkọ orin àti ti akọrin sí nínú fáìlì MP3. Èyí àkọ́kọ́ kò gbà ju lẹ́tà 30 lọ fún orúkọ orin, kò sì mọ Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà onírúurú èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ID3v2 tó rọ́pò rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Àbùkù wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọn kò fi fọ́ńtì (àwòrán lẹ́tà) tó péye sí i.

Ẹ wo lẹ́tà ẹ́. Unicode kò fún un ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀ ni a ń kọ, àmì òkè yóò wá tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bíi nọ́ńbà kejì, ẹ̀rọ ni yóò gbé e ka orí lẹ́tà. Ẹ̀rọ tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n é lásán ní nọ́ńbà tirẹ̀, a sì tún lè kọ ọ́ ní ọ̀nà méjì-nọ́ńbà. Nítorí ìdí èyí, orúkọ akọrin kan náà lè hàn nígbà méjì nínú àtòjọ, kí ìdajì orin rẹ̀ wà lábẹ́ èkíní, kí ìdajì wà lábẹ́ èkejì, kí ojú ènìyàn má sì rí ìyàtọ̀ kankan. Kí ẹ̀rọ tuntun máa sọ gbogbo orúkọ di irú kan náà kó tó tò wọ́n. Kí ó tún jẹ́ kí ẹni tó kọ orúkọ láì fi àmì sí i lórí àtẹ ìwádìí rí ohun tó ń wá.

Nọ́ọ̀sì-Etí:

Ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé etí fúnra rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àgbàlagbà lè gbọ́ ohùn tó jẹ́ 80 dB (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe pariwo tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ kan, wọ́n sì dín in kù sí 75 dB fún ọmọdé. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fi sọ́kàn ni pé bí ohùn bá fi 3 dB ga sí i, ìdajì àkókò náà ti lọ. Ní 83 dB, wákàtí 20 ló kù lọ́sẹ̀; ní 86 dB, wákàtí 10; nígbà tó bá dé 100 dB, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú péré ni fún odidi ọ̀sẹ̀. Etí tó bá sì ti bàjẹ́ nípasẹ̀ ariwo báyìí kì í padà sípò.

Ní ọdún 2018, àjọ náà àti ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, gbé ìlànà kan jáde fún ẹ̀rọ ìgbọ́rin, tó sọ pé kí ẹ̀rọ máa ka iye ariwo tí ẹni tó ń lò ó ti gbọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, kó sì máa sọ fún un bí ó bá ti ń súnmọ́ òpin. Èyí ni mo fẹ́ kó jẹ́ dandan. Ẹ̀rọ tó ń pariwo ìkìlọ̀ kan náà nígbà gbogbo kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí pé ìka yóò ti mọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ẹ̀rọ tó bá sọ pé, "O ti lo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti ọ̀sẹ̀ yìí, ọjọ́ Ọjọ́rú sì ni òní," ti fún ènìyàn ní ohun tó lè fi ṣe ìpinnu. Kí òbí náà lè fi nọ́ńbà àṣírí de ohùn ẹ̀rọ ọmọ rẹ̀.

Ìmọ̀ràn kan fún gbogbo wa: íápíìsì tó dí etí dáadáa, tí kò jẹ́ kí ariwo ìta wọlé, ń jẹ́ kí a lè rẹ ohùn sílẹ̀. Ariwo ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé ohùn sókè láti bò mọ́lẹ̀.

Ọ̀dọ́-Ìwòyí:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ẹ ń fẹ́ kí ẹ̀rọ padà sí àtijọ́. Èmi fẹ́ Wi-Fi àti Bluetooth. Bluetooth LE Audio tó ń lo LC3, ọ̀nà tuntun láti fún ohùn pọ̀, ń jẹ́ kí ohùn dára pẹ̀lú iná díẹ̀ ju SBC, ọ̀nà àtijọ́, lọ, Auracast sì ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo fi orin ránṣẹ́ sí íápíìsì ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Walkman àkọ́kọ́ tí ẹ ń yìn yẹn ní ihò íápíìsì méjì kí ènìyàn méjì lè jọ gbọ́ ọ. Ohun kan náà ni mo ń béèrè fún. Mo sì fẹ́ lè gba orin tuntun sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì láì wá kọ̀ǹpútà kiri.

Olùfẹ́-Orin:

Àbúrò, ọ̀rọ̀ rẹ tọ́, ti Auracast ní pàtàkì, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni níbí lòdì sí i. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí gbogbo rẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí àfikún, kí ihò 3.5 mm má ṣe torí rẹ̀ kúrò, kí Wi-Fi sì ṣeé pa pátápátá. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ orin ní ọjọ́ àkọ́kọ́ láì béèrè ìméèlì tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, Microsoft ti iṣẹ́ orin orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Zune, ẹ̀rọ ìgbọ́rin wọn, pa. Zune ṣì ń kọ MP3 tí olówó rẹ̀ fúnra rẹ̀ kó sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń san owó oṣù láti gbọ́ orin níbẹ̀ ní láti wá ibòmíràn lọ. Nítorí náà, bí o bá gba orin sílẹ̀, rí i pé fáìlì tí ẹ̀rọ mìíràn lè kà ni ó jẹ́, kí o sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Ìbéèrè kan ku fún ọ̀gá Atẹ́rọṣe. Àwọn tó ní ẹ̀rọ àtijọ́ nínú dúrọ́ọ̀, tí wọ́n ń retí tuntun tí yóò ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí, báwo ni kí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀ tí bátìrì rẹ̀ kò fi ní kú?

Atẹ́rọṣe:

Ẹ má fi í pamọ́ nígbà tó kún, ẹ má sì fi í pamọ́ nígbà tó ṣófo. Ẹ jẹ́ kí iná rẹ̀ wà ní nǹkan bí ìdajì, ẹ pa á pátápátá, kí ẹ gbé e sí ibi tó tutù tí kò sì lọ́rinrin, tó jìnnà sí oòrùn. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù díẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì dá a padà sí ìdajì bí iná rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, nítorí pé bátìrì lithium tó bá ṣófo pátápátá fún ìgbà pípẹ́ lè kọ̀ láti gbaná mọ́. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti wú tàbí pé gíláàsì rẹ̀ ti ń ṣí láti igun, ẹ má ṣe fi iná sí i rárá. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ má sì jù ú sínú ìdọ̀tí ilé.